Ebi Ló Mú Ewé Pọ́n

Ọjọ́ tí Télọ̀ ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ohun kan ṣoṣo ló fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa gbà á sílé títí ojú méjèèjì á fi jinná sì ti ń pè é níta, síbẹ̀ ó dúró níwájú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀.

"Fún Àǹtí lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ó ní. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu nípa ewé yẹn. Kò gbọ́ tèmi, kò sì ní gbọ́ tìẹ."

Àǹtí kì í ṣe ènìyàn o. Ẹja pẹlẹbẹ kan ni, ara rẹ̀ funfun bíi fàdákà, ó ní ilà dúdú mẹ́ta, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú omi inú àpótí gíláàsì yẹn. Télọ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí, nítorí bó ṣe ń gbé imú sókè kọjá lára àwọn ìgbín kéékèèké inú omi jọ bí àbúrò ìyá ẹni ṣe ń wọlé tó bá bá ilé ní ìdọ̀tí. Òkè lẹbẹ rẹ̀ ya díẹ̀. Télọ̀ á fi ìka kan gíláàsì, Àǹtí á sì sáré wá. Kódà nígbà tí awọ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyinjú Télọ̀ tán, á gbé ojú sún mọ́ gíláàsì títí á fi rí ibi tó ya yẹn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ewé tí wọ́n gbìn sínú omi náà ni oníwàhálà. Pupa ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n tà á, àmọ́ odindi ọdún méjì ló fi wà ní àwọ̀ ewé tí wọ́n bọ̀ gbàgbé sórí iná.

Agẹrun ni àbúrò Télọ̀. Yàrá iwájú ilé kan náà ló ti ń gẹrun. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ohun tó mọ̀ láyé tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ, láti orí okùn bàtà dé orí bí wọ́n ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Ẹ̀gbọ́n náà kì í sì í yin ènìyàn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Agẹrun sọ fún ara rẹ̀ pé kí wọ́n tó ṣí ojú Bọ̀ọ̀dá, ewé yìí á ti pọ́n. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ó lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja ọ̀sìn. Obìnrin náà sọ fún un pé kó ra iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, kó jẹ́ kí gáàsì tí ewé ń fà símú máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú omi, kó sì máa kán oògùn irin tó ń mú ewé pọ́n sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

"Kí omi má sì lọ́ràá jù," ó ní. "Ìgbẹ́ ẹja, ajílẹ̀ ni. Tí ajílẹ̀ bá pọ̀, ewé á kàn máa tutù yọ̀yọ̀ ni. Tó bá wọ́n ọn díẹ̀ ló máa ń pọ́n. Ẹ máa pààrọ̀ omi déédéé."

Agẹrun ra iná, ó ra gáàsì, ó ra oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì fẹ́ràn kó máa gbé bákẹ́ẹ̀tì omi kiri. Ló bá gbé ọgbọ́n àgbọ́njù tirẹ̀ dé. Ta ló ń yàgbẹ́ sínú omi? Àǹtí ni. Tí Àǹtí ò bá jẹun, kí ló fẹ́ yà? Ó dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́, ó dín in kù sí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tó sì rí i pé ṣóńṣó ewé ti ń pọ́n, ó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ewé náà sì pọ́n lóòótọ́, ó pọ́n bí ata. Àwọn tó wá gẹrun ń wọlé wá wò ó.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí Agẹrun bá ti ń kọjá, Àǹtí á sáré wá síwájú gíláàsì, á máa la ẹnu, á máa pa á dé. Inú Agẹrun á dùn. "Ẹja yìí ti mọ̀ mí," ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Ẹ wò ó bó ṣe ń kí mi."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àǹtí ò kí ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń tọrọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Agẹrun bá a ní ìdùbúlẹ̀ láàárín ewé pupa yẹn, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ kí nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ lọ. Agẹrun jókòó sílẹ̀, ojú ara rẹ̀ tì í, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé ìkíni tó fi ń yangàn kì í ṣe ìkíni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Télọ̀ máa dé. Agẹrun sin ẹja náà sẹ́yìn ilé, ó padà lọ bá obìnrin ẹlẹ́ja, ó sì ra òmíràn tó ní ilà dúdú mẹ́ta. Kò rí èyí tí lẹbẹ rẹ̀ ya.

Télọ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi kọjú sí àpótí ẹja.

"Ó pọ́n," ó ní. "Àbúrò, o gbìyànjú gan-an. Èmi tí mo kọ́ ẹ ní gbogbo nǹkan, mi ò lè ṣe èyí."

Ọ̀rọ̀ tí Agẹrun ti ń retí láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló dé yẹn, kò sì ṣeé gbé mì.

Télọ̀ fi ìka kan gíláàsì. Ẹja sá sẹ́yìn òkúta. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ibi tó ya lára lẹbẹ ẹ̀ dà? Mi ò rí i."

"Ó wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ ń rí i?"

"Mo ń rí i dáadáa."

Télọ̀ fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó tún wò. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fọwọ́ kan iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Agẹrun ń gẹ orí oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti yàrá kejì tó ti ń ránṣọ. Télọ̀ ń bá obìnrin kan tó gbé aṣọ wá sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ má bínú. Dókítà ní mo ríran, ó kàn ń tù mí nínú ni. Ojú tí kò rí ara ẹja tó wà níwájú ẹ̀, ṣé ó máa rí ojú ìránṣọ? Mo ti ní kí ọmọ mi wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ yìí."

Ọwọ́ Agẹrun yẹ̀, ó sì fá ibì kan bọ̀rọ́ láàárín orí oníbàárà. Ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lórí àga, ó wọlé. Obìnrin náà ti jáde. Télọ̀ ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, nǹkan kan ò ṣe ojú yín," Agẹrun ní. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀. "Kò sí ibì kankan tó ya lára ẹja yẹn. Kì í ṣe Àǹtí. Àǹtí ti kú. Èmi ni mo fi ebi pa á kí ewé lè pọ́n."

Télọ̀ jáwọ́ lára aṣọ náà, ó yíjú sí i.

"Ọjọ́ mélòó mélòó lo fi ń fún un lóúnjẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀."

"Ó sì ń wá bá ẹ níwájú gíláàsì?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"O wá jẹ́ kí n gbà pé mo ti fọ́jú."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Dìde. Wá síbí tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fẹ́ doríkodò, ṣùgbọ́n Télọ̀ fi ọwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé e sókè, ó sì wò ó láti iwájú orí dé ọrùn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti rí ojú yẹn dáadáa kẹ́yìn.

"Irùngbọ̀n ẹ ti funfun," Télọ̀ ní. "O ti dàgbà. Mi ò mọ̀."

Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Ó ríran kedere. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, kò tún gbójú sókè wo Agẹrun mọ́.