Ìròyìn Iná Tó Ń Fò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oko Opó

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí akọ̀ròyìn náà ti ń lé iná tó ń fò lókè àgọ́ àwọn ológun. Iná ọ̀hún a máa yọ nírọ̀lẹ́, a dúró sójú kan bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù, a sì já wọ inú àwọsánmà lọ. Níbi iṣẹ́, Ojú-Lókè ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ló mọ̀, kò sì tíì dárí ji ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Opó ni, oko àgbàdo rẹ̀ sì bá àgọ́ náà pààlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná kọ́ ló ń dùn ún. Wáyà tí àwọn sójà fi ṣọgbà ló ń bá a jà.

"Àbúrò mi, wọ́n tún ti sún wáyà o. Kànga mi ti bọ́ sínú ọgbà wọn."

"Ẹ ní sùúrù. Tí mo bá ti tú àṣírí iná yìí tán, tiyín ló kàn."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àbí iná ló pọ̀n ọ́ dàgbà ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sójà gbà kó wá fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, ìjà ló múra lọ. Ó rò pé wọ́n á gba kámẹ́rà lọ́wọ́ òun. Àga tìmùtìmù ni wọ́n gbé fún un, omi tútù tẹ̀lé e.

"Ojú-Lókè fúnra rẹ̀!" Ọ̀gá sójà ń rẹ́rìn-ín. "Ìwé ìròyìn yín làwọn ọmọ mi ń kà. Àwọn tó wà nínú iná yẹn, ṣé ẹ ti mọ iye ojú tí wọ́n ní?"

"Kí ni iná náà, ọ̀gá?"

"Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ. A ò ní bá yín ṣẹjọ́. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó gùn dáadáa."

Akọ̀ròyìn yíjú sí fèrèsé. Àwọn sójà ń já búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ó rí kànga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, okùn ìfami ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá yé e. Bí òun ṣe ń mú kí gbogbo ìlú gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń gba ilẹ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè mọ odi, oko ti lọ nìyẹn.

Kò dágbére. Oko ló lọ kọ ìròyìn lé lórí.

Olóòtú kà á, ó pòṣé. "Iná dà?"

"Kò sí iná níbẹ̀, ọ̀gá. Ilẹ̀ opó ni wọ́n ń gbà."

"Ta ló fẹ́ torí àgbàdo ra ìwé ìròyìn? Fi iná díẹ̀ sí i."

"Mi ò ní fi sí i."

"Olóríkunkun! Ó dáa, máa lọ. Màá gbé e jáde."

Ó gbé e jáde lóòótọ́. Gàdàgbà lójú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí: OKO TÍ INÁ OJÚ Ọ̀RUN Ń BÀ SÍ. Ọ̀rọ̀ wáyà wà lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ìpolówó bàtà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èrò kún oko. Wọ́n kó ọmọ wá, wọ́n tẹ́ ẹní sórí ebè, wọ́n ń tẹ àgbàdo mọ́lẹ̀.

"Ṣé ohun tí mo rán ọ nìyí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́, olóòtú ni..."

"Wọ́n rán ọ lómi, ìròyìn odò lo gbé bọ̀." Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń gbé àgbàdo tó ti wó dìde.

Akọ̀ròyìn gun orí ebè, ó figbe ta. "Ẹ wo wáyà yìí! Kànga opó nìyẹn nínú ọgbà wọn! Wọ́n ti fẹ́ mọ odi!"

Èrò tẹjú mọ́ ibi tó nàka sí. Ọkùnrin kan tó gbé ọmọ sí èjìká béèrè pé, "Akọ̀ròyìn, ṣé inú kànga yẹn ni iná náà ti ń jáde?"

"Rárá o! Ilẹ̀ ni mò ń wí! Ilẹ̀!"

"Ẹ dákẹ́ ná, ó ń yọ bọ̀!" ni ẹnì kan pariwo.

Gbogbo orí yí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wáyà, sójà kan ń fi ṣọ́bìrì po sìmẹ́ǹtì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.