Bí Dókítà Petersen Ṣe Dẹ Elwetritsch

Ẹ ti fura náà: kò sí ẹyẹ kankan láyé tó ń jẹ́ Elwetritsch. Kò sí adìyẹ igbó tó hu ìwo lórí, tó sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú àpò nítorí pé ẹnì kan tan fìtílà síbẹ̀. Gbogbo ará Pfalz, ní Jámánì lẹ́bàá ààlà Faransé, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń búra pé ó wà. Àlejò ni wọ́n máa ń mú lọ dẹ ẹ́. Wọ́n á kó àpò àti fìtílà fún un láàárín igbó, wọ́n á ní kó dúró jẹ́ẹ́, àwọn ń lọ lé ẹyẹ bọ̀. Ilé ọtí ni wọ́n ń lọ.

Dókítà Volkmar Petersen mọ èyí dáadáa. Eyín ló ń fà ní Hamburg kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó wá ra ilé sétí igbó. Ó mọ olú tó ṣeé jẹ, ó mọ ìtàn gbogbo ahoro ilé olódi tó wà lórí àpáta pupa, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi í. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dùn ún: tábìlì ẹ̀gbẹ́ ààrò nílé ọtí obìnrin kan tó ń jẹ́ Lore. Ọmọ ìlú nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, níbi tí òtútù ti ń fẹ́ sí i lọ́rùn.

Gernot, aṣọ́gbó àtijọ́ tó jẹ́ olórí tábìlì náà, ti sọ fún un pé, "Dókítà, ẹni tó bá mú àlejò lọ dẹ Elwetritsch, tiwa ni. Àga ti yá."

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ní ọjà àgbẹ̀ tí ìhà méjèèjì ààlà jọ ń ná, Dókítà rí ẹran ọdẹ rẹ̀: Armand, ará Faransé kan tó sanra, tó ń ta wàràkàṣì.

"Ẹyẹ tó ní ìwo?" Armand lanu. "Dókítà, ẹ má purọ́ fún mi o."

"Ṣé mo jọ òpùrọ́?"

"Ṣé ó ń jẹ wàràkàṣì?"

"Ẹ̀mí rẹ̀ ni!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Dókítà àti Gernot mú Armand wọ igbó. Kí Armand má baà mọ̀nà, Dókítà yí i po yí i ká, wọ́n kọjá òkúta ààlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé Faransé la wà ni, àbí Jámánì?" Armand ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Igbó kan ni, ọ̀rẹ́ mi. Ẹyẹ kò mọ ààlà." Ara pátákó ìkìlọ̀ ló ti ka gbólóhùn yẹn, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n dé àárín igi ńláńlá kan, wọ́n gbé àpò àti fìtílà fún Armand. "Má wúkọ́ o."

"Tó bá ń ṣe mí bíi kí n sín ńkọ́?"

"Gbé e mì!"

Bí wọ́n ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Gernot sọ̀rọ̀ sí Dókítà létí. "Ẹni tó mú àlejò wá ló ń lé ẹyẹ. Ẹ gun òkè yẹn, ẹ máa fi igi lu igi, kẹ́ ẹ máa pariwo títí n ó fi fun fèrè."

Dókítà kò gbọ́ ìyẹn rí. Àmọ́ ta ni ọmọ ìlú tí yóò sọ pé òun kò gbọ́ rí? "Mo mọ̀, mo mọ̀," ló wí.

Ó lu igi óákù, ó lu igi páìnì. Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹyẹ gidi sá fún un. Ó ń rántí Armand nínú òtútù, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Fèrè kò dún. Ìgbà tí kò rí bàtà ara rẹ̀ mọ́ nínú kùrukùru ló tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn ilé ọtí, ewé kún irun rẹ̀. Gernot rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tó ń gé sọ́sééjì. Armand rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó so àpò mọ́ ọrùn kí ọbẹ̀ má baà ta sí i láṣọ.

"Báwo lo ṣe débí?"

"Mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná wọlé," Armand dáhùn. "Inú igbó ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an lẹ fi mí sí. Ẹ kú ariwo o, Dókítà. A gbọ́ yín láti ibí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dókítà na ìka sí Armand. "Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán! Mo ṣáà mú àlejò wá. Àga mi dà?"

Lore gbé wáìnì rẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn fún un, ó wá fi aṣọ ìnuwọ́ tọ́ka sókè àjà.

"Yàrá òkè yìí ni ìyá wa bí ẹ̀gbọ́n mi Armand sí."