Ẹni Tó Ń Kẹ́yìn ní Longonot

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Kerubo máa sanwó fún ẹgbẹ́ agunkè yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ṣílè lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe òkè ló ń wá. Ọ̀rẹ́ ló ń wá, ẹnì kan ṣoṣo péré. Ní ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n máa yọ kókó kan lọ́mú rẹ̀ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un: ẹni tí wọ́n bá fi oògùn kùn lóorun kì í dá lọ sílé. Bí kò bá mú ẹnì kan dání, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti torí ẹ̀ dá a padà lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ ti kú ní Kisii, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ ní Qatar, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ní Nairobi, orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ẹ̀ ló ti ń ṣe é. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ ta ni kí ọmọ ọlọ́mọ kó jọ?

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sí òkè Longonot, ó há ṣapátì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fọwọ́ ara ẹ̀ dín, fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì yíjú padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pè é síbi fọ́tò. Inú ẹ̀ dùn, àṣé kó lè bá wọn di fóònù mú ya á ni.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, Kerubo fà sẹ́yìn. Ọmọ tó dàgbà sórí òkè Kisii, tó ń fẹ̀yìn pọn apẹ̀rẹ̀ ewé tíì, kò sí èyí tó lè yá ẹsẹ̀ jù ú lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kiprono ló máa ń rìn lẹ́yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù, òun nìkan ló sì máa ń bá a sọ̀rọ̀.

"Kerubo, ṣé ẹyin lo rù sórí ni?" olórí wọn kígbe látòkè. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Má dá wọn lóhùn," Kiprono wí. "Rọra máa bọ̀. Orúnkún tó ń dùn ẹ́ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

Ó rántí! Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Kerubo. Kò sí orúnkún kankan tó ń dùn ún, irọ́ ló pa. Nígbà tí wọ́n dé etí ihò ńlá orí òkè, ó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: kókó, nọ́ọ̀sì, Túsìdeè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn jókòó tì mí ni. Ẹ mú mi délé."

Kiprono nu eruku kúrò lójú ara ẹ̀. "Àbúrò mi, ó ká mi lára o. Àmọ́ iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni wọ́n ń sanwó fún mi pé kí n máa tẹ̀ lé. Àwọn míì sì ti gbà mí síṣẹ́ fún Túsìdeè. Mo lọ́mọ mẹ́rin."

Ojú ti Kerubo débi pé ó fẹ́ wọnú ihò náà lọ. Ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ sá lọ bá?

"Èló ni wọ́n ń san fún yín lójúmọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì."

Ó yọ fóònù. "Màá san mẹ́rin. Ẹ wá tẹ̀ lé mi."

Kiprono ń wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lókèèrè. "Tí nọ́ọ̀sì bá bi mí ńkọ́? Kí ni kí n ní mo jẹ́ sí ẹ?"

"Ẹ ní ọ̀rẹ́ mi ni yín," Kerubo wí. "Ẹ ka nọ́ńbà fóònù yín fún mi, kí n fowó ránṣẹ́."