Ọmọńlé Tí Yéwándé Fẹ́ Sọ Lórúkọ

"Aunty Nímọ́tà, ẹ bá mi yọ̀! Ọ̀gá ní kí n submit paper mi lọ́la. New species ni o! Èmi ni mo máa fún un lórúkọ."

Iwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Yéwándé ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá a gé ẹja. Nímọ́tà fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní ilé ìpamọ́ òkú ẹranko fún ìwádìí, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ Yéwándé bí wọ́n ṣe ń ka ìpẹ́ ara àwọn ọmọńlé ilẹ̀ Éṣíà tó wà nínú ìgò, kí wọ́n lè ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọmọ tó dé lánàá òde yìí ni yóò wá sọ ọmọńlé lórúkọ! Wọ́n ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n lójú Nímọ́tà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ọ̀run ti fún jù. Ìlara ni, ó sì mọ̀ pé ìlara ni.

"Kí lo fi mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀?"

"Ihò wínníwínní abẹ́ itan ni, Aunty. Àwọn tó kù ní in. Mẹ́sàn-án tèmi yìí, zero!" Ó na fóònù sí i.

Nímọ́tà fẹ àwòrán náà lójú. Ìdí ìrù gbogbo wọn rí pẹlẹbẹ, kò wú bíi ti akọ. Abo ni wọ́n! Akọ nìkan ló sì ń ní ihò nítan nínú irú ọmọńlé yìí. Yéwándé ti ya aya sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ, ó pè é ní ìran mìíràn. Iye tó kọ sílẹ̀ nìkan ni ọ̀gá wọn kà, kò ṣí ìgò wò.

"Kú oríire," Nímọ́tà ní, ó sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sydenham.

Inú rẹ̀ dùn. Kó fi ránṣẹ́, kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ṣe yẹ̀yẹ́! Adùn náà pọ̀ débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á. Ó sọ̀ ní ibùdókọ̀ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn padà. Yéwándé ń gba ẹja rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja.

"Abo ni gbogbo wọn, Yéwándé. Wo ìdí ìrù wọn. Má fi ránṣẹ́."

Ojú Yéwándé fà ro. "Aunty, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń jealous mi?"

"Mò ń ṣe ìlara rẹ," Nímọ́tà dáhùn. "Ó ń jó mi nínú bí mo ṣe dúró yìí. Síbẹ̀, abo ni wọ́n."