Ta Ló Buwọ́ Lù Ú?

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó máa ṣàdúrà fún Ceu Imas, n ó ní ààwẹ̀ ló ń pa á. Obìnrin náà ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ceu, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ìlú Kawalu níbí. Ẹ̀rọ mònógíráàmù làwa méjèèjì fi ń ṣe ọnà sára mukena, aṣọ funfun tí àwọn obìnrin fi ń kírun. Oníbàárà tó bá yà sọ́dọ̀ mi, Ceu Imas a máa fi ojú sìn ín délé.

Ọnà tèmi, ọkọ mi Iding ló yà wọ́n kó tó kú. Gbogbo òdòdó tó yà láyé rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí wọn níbòmíràn.

Nígbà tí iṣẹ́ ọdún Ìtunu Ààwẹ̀ kún ilẹ̀ bámúbámú ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wa. Dedi, àbúrò ọkọ mi, bá wa rí òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í sínú ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọnà lórí fóònù. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú. Kíá ni gbogbo wa ń dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ta ló fẹ́ máa tú àpò ẹni tó mú oore wá wò?

Èmi tiẹ̀ wò ó díẹ̀. Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣàlàyé ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo rí i pé ìbuwọ́lù wà, ó pé, kò sí àbùkù. Ọkàn mi balẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe sí ìwé olórí àdúgbò nìyẹn: òǹtẹ̀ wà, ìbuwọ́lù wà, ó parí. A kì í ka orúkọ, ṣebí a mọ olórí àdúgbò.

Ìka mi ti wà lórí eku kọ̀ǹpútà láti fi ètò náà sí i nígbà tí Ceu Imas já wọlé, ìbòrí rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nining, ṣé o ti fi sí i?"

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ceu. Kí ni mo fi sí kí ni?"

"Èyí tí Dedi fi ránṣẹ́! Má fi sí i o!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹn-ẹ́n. Kí n jókòó máa wo ẹ̀rọ títí ọdún á fi dé, kí ẹ wá kó àwọn oníbàárà mi. Ọgbọ́n yẹn ti gbó, Ceu. Wọ́n buwọ́ lù ú, mo fojú ara mi rí i."

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Àwọn tó ṣe é náà ni."

"O kà á?"

"Ìbuwọ́lù ṣáà ni ìbuwọ́lù."

"Ṣé olè ò mọ orúkọ ara ẹ̀ kọ ni? Gbogbo ohun tí ìbuwọ́lù yẹn ń sọ ò ju pé lágbájá ló fọwọ́ sí i, pé ẹnikẹ́ni ò sì tíì yí i padà lẹ́yìn ìyẹn. Kò sọ pé èèyàn gidi ni lágbájá. Kà á, olórí kunkun!"

Inú bí mi, mo kà á. Orúkọ iléeṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ rí ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí Ceu Imas jàre. Mo pe Kang Yayat, ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ fún wa láti ìlú Bandung, mo ní kó sọ orúkọ tó máa ń wà lábẹ́ ìbuwọ́lù ètò tiwọn. Ó sọ ọ́. Kò jọ èyí rárá.

"Ẹ̀yin lẹnìkejì tó ń bi mí lónìí," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ọ̀dọ̀ wa tààrà ni kẹ́ ẹ ti gbà á."

Mo pa á rẹ́. Mo yíjú sí Ceu Imas. "Ṣé ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́?"

Ó jókòó sórí àpótí òwú. "Mo ti fi sí tèmi láàárọ̀ kí n tó pe Kang Yayat. Gbogbo ọnà mi ti lọ, Nining. Àwọn olè tó ṣe ètò yẹn ti tì í pa, kò ṣeé ṣí mọ́. Ojú ń tì mí, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n dákẹ́, kí ìwọ náà kó sí i, ká jọ fọwọ́ lẹ́rán." Ó fi ìbòrí nu imú. "Àmọ́ mo rántí pé iṣẹ́ Iding ló wà níbẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, títí ó fi ní kí n panu mọ́. A jọ kọ ìkìlọ̀ sínú ẹgbẹ́, mo sì gba ètò ti Kang Yayat. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka orúkọ náà sókè ketekete kí n tó fi sí i. Òdòdó Iding bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà.

Látìgbà tó ti kú, mi ò jẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà kankan fojú kàn wọ́n nínú kọ̀ǹpútà rí. Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ceu, ẹ wá mú èyí tó bá wù yín. Iṣẹ́ ọdún yín ò gbọdọ̀ dúró."

"Nining, ti Iding ni o."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbà á là."

Ó wò wọ́n títí, ó wá nawọ́ sí ẹyọ òdòdó kan, èyí tó kéré jù. Mo kó gbogbo wọn fún un.