Kúkúndùnkún Ọwọ́ Màmá Gande

"Ẹ dúró ná! Ẹ má tíì fi irin kàn án! Ìyá ọmọ tó kú ń bọ̀!"

Àwọn èèyàn là sọ́tùn-ún sósì. Veronika gba àárín wọn kọjá, ẹrẹ̀ funfun tí àwọn obìnrin fi ń ṣọ̀fọ̀ ṣì gbẹ mọ́ ọn lójú àti lọ́rùn. Láti ilé ẹkún tí wọ́n tẹ́ òkú Tobias ọmọ rẹ̀ sí ló ti ń sáré bọ̀. Wọ́n ti so Màmá Gande, arúgbó àdúgbò wọn, mọ́ òpó àgọ́ tí wọ́n ti ń wọn kọfí, okùn ọ̀rá ti wọ̀ ọ́ lára lọ́rùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ro níbẹ̀. Iná ń jó níwájú rẹ̀, irin gígùn kan wà nínú iná náà, ó ti pọ́n yòò.

Kaupa, àbúrò olóògbé ọkọ Veronika, ló fi àkísà di ìdí irin náà mú.

"Ìyàwó wa," ni Kaupa wí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, "aríran ti tú àṣírí. Àjẹ́ yìí ló jẹ ọkàn ọmọ wa. Ṣebí òun ló fún un ní kúkúndùnkún jẹ lójú ọ̀nà oko, tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì? Ẹnu rẹ là ń wò. Sọ̀rọ̀, ká ṣe é."

"Sangúmà!" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. "Àjẹ́! Kó jẹ́wọ́!"

Dókítà ní ilé ìwòsàn ìlú Kundiawa ti sọ fún Veronika pé ibà tó wọ ọpọlọ ló pa Tobias. Ó fi etí gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ọmọ tó ń gbé àpò kọfí méjì lé èjìká lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni ibà ṣe máa mú irú rẹ̀ lọ? Nígbà tí wọ́n dárúkọ Màmá Gande láàárọ̀ yẹn, inú rẹ̀ dùn díẹ̀, inú dídùn burúkú, pé òun kúkú rí ẹni tí òun máa kórìíra.

Pásítọ̀ Siune wà níbẹ̀, wọ́n ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. "Veronika, nítorí Ọlọ́run, bá wọn sọ̀rọ̀!"

"Pásítọ̀, ẹ panu mọ́ jàre," ni ọ̀dọ́kùnrin kan wí. "Àdúrà tí ẹ gbà lé Tobias lórí, ibo ló já sí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún pásítọ̀ bí ẹ̀gún.

Veronika sún mọ́ arúgbó náà. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa ọmọ mi?"

Màmá Gande gbójú sókè. Ètè rẹ̀ ti wú. "Vero, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo ti purọ́ rí. Mo ti jí ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn pa jẹ nígbà èwe mi, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ẹnu mi kò sì dáa, mo ti bú ìwọ gan-an rí lódò. Jésù mọ gbogbo rẹ̀, ó sì gbà mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò pa Tobias. Ebi ló ń pa ọmọ, mo sì fún un lóúnjẹ."

"Irọ́ ni!" Kaupa fa irin yọ.

"Kaupa, dúró!"

Veronika rántí orin wọn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni òun àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ ń kọrin pé agbára òkùnkùn kan kò lè dúró níwájú Jésù. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń jó sí i. Bí orin yẹn bá jẹ́ òtítọ́, kí ni irin gbígbóná ń wá níbí? Bí arúgbó yìí kì í bá ṣe àjẹ́, ìpànìyàn ni wọ́n fẹ́ ṣe. Bó bá sì jẹ́ àjẹ́, ṣé Jésù kò kú fún àjẹ́ ni? Òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù kúkúndùnkún yẹn, ìbẹ̀rù náà gan-an ló sì jẹ́ kó mọ ohun tó kù tí òun máa ṣe.

Àpò híhun Màmá Gande wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n jù ú sí. Veronika tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ kúkúndùnkún sísun kan, eérú ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ tú ọwọ́ rẹ̀."

"Ìyàwó wa, orí rẹ ti dàrú!"

"Mo ní ẹ tú u! Ta ló bí Tobias, ìwọ ni àbí èmi?"

Kò sẹ́ni tó mira. Pásítọ̀ Siune ló kúnlẹ̀, tó sì tú okùn náà. Veronika fi kúkúndùnkún lé arúgbó lọ́wọ́.

"Ẹ bù ú fún mi, Màmá."

"Bí inú bá kàn run ọ́ lálẹ́ òní ńkọ́? Èmi náà ni wọ́n á pa."

"Ẹ bù ú."

Màmá Gande bù ú. Veronika kọjú sí èrò. "Ẹ wò mí dáadáa o! Bí ibi bá wà nínú oúnjẹ yìí, Jésù tí mò ń sìn jù ú lọ. Bí kò bá sì sí, kí ojú ó ti gbogbo wa!"

Ó jù ú sẹ́nu. Obìnrin kan ké "Yéè!", ó fọwọ́ bojú. Veronika jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Kúkúndùnkún náà há a lọ́fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, gbogbo èrò sì sá sẹ́yìn.

"Ó ti mú un! Ó ti mú un!"

"Kí ló mú mi?" ni Veronika fi ohùn híhá dáhùn. "Ẹ fún mi lómi, ẹ̀yin ojo! Ó gbẹ ni!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Agnes, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó ń dá orin fún ẹgbẹ́ wọn, ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ike omi wá, ó sì fìdí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. "Kò sí tèmi níbẹ̀ ni? Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Màmá, ẹ bù fún mi." Obìnrin mìíràn wá, ó jókòó. Òmíràn tún wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí arúgbó náà ká débi pé kò sí ibi tí irin lè gbà kọjá. Ni Agnes bá dá orin! Àwọn obìnrin gbè é, ẹni tó ń sunkún ń kọ ọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ń kọ ọ́, òkè tó wà lódìkejì odò sì ń dá a padà. Veronika dìde, ó ń fò sókè, omijé ń la ọ̀nà sínú ẹrẹ̀ ojú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí ayọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí orin dáwọ́ dúró, Kaupa nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Irin ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n mú Màmá Gande lọ sí ilé ẹkún, wọ́n wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi í jókòó síbi orí òkú, níbi tí ìbátan ń jókòó sí. Lọ́sàn-án, wọ́n fẹ́ gbé pósí, Kaupa sì yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó dúró, ó dorí kodò.

"Ẹ lé e!" ni Agnes wí. "Kí ló ń wá?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Kaupa wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ sin ín ni."

Veronika wo Màmá Gande. Arúgbó náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Ti ọwọ́ mi, lọ́la ni màá bá a sọ ọ́, níwájú ọlọ́pàá," ló wí. "Kó gbọ́ dáadáa. Ti òkú, ìwọ lo lòkú."

"Mo gbọ́, Màmá," ni Kaupa wí. "Màá bá yín lọ."

Veronika kò tíì lè fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó wo àwọn tó fẹ́ gbé pósí, ó sì fọwọ́ kan èjìká ẹni tó wà níwájú lápá ọ̀tún pé kó bọ́ sẹ́yìn.

"Kaupa," ló pè. "Wá gbé ọmọ rẹ."