Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Pálọ̀ Bàbá Ìyanu

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Oyèbámijí sí Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, omi tó pọ̀ jù lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tíì wọ̀ ni ọ̀gbàrá òjò. Ṣùgbọ́n Pẹ̀lúmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti pé ogójì ọdún láìníyàwó, nígbà tó sì máa mú ìyàwó, ọmọ apẹja ló mú: Ìyanuolúwa, láti Òde-Òkun, abúlé àtijọ́ kan létí òkun Ìlàjẹ. Inú Oyèbámijí dùn débi pé kò rí oorun sùn. Ó ra iṣu méjìlélógójì lọ́jà Ìyìn, òun, ọmọ àti Fọláwùnmí ìyàwó rẹ̀ sì lọ tọrọ ọmọ.

Bàbá Ìyanu pàdé wọn létí omi. Ó yẹ iṣu wò, ó ní ó dára, ó ku ìdọ̀bálẹ̀. Ní ìdílé tàwọn, inú pálọ̀ baba ìyàwó nìkan ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ. Láti ayé baba ńlá àwọn ni, òun kọ́ ni yóò bà á jẹ́.

"Kò burú," ni Oyèbámijí wí. "Ulé yín dà?"

Bàbá Ìyanu nawọ́ sí inú òkun. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí omi ti gbé ilé náà mì, tòun ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ìdajì abúlé.

"Ẹ wọ ọkọ̀ ká lọ," ló wí, bí ẹni ń pe àlejò sí yàrá kejì.

Nínú ọkọ̀, Oyèbámijí ń ka àdúrà Mo kí ọ Màríà títí ó fi ń ṣì í kà. Níbi tí kò sí nǹkan kan àfi omi, Bàbá Ìyanu dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ bọ́ bàtà, a ti wọ pálọ̀."

Fọláwùnmí bọ́ tirẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Onílé ló sọ̀rọ̀. Pẹ̀lúmi dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀.

Bàbá Ìyanu mi orí. "Inú ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀ pálọ̀ mi. Ẹ máa kó iṣu yín lọ."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oyèbámijí ro ti ogójì ọdún yẹn, inú bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, ló bá di imú, ó bẹ́ sómi tòun tagbádá. Fọláwùnmí figbe ta. Omi mu ún dé àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ kú ulé o!" ló pariwo.

Pẹ̀lúmi bẹ́ tẹ̀ lé e. Bàbá àtọmọ dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ omi, wọ́n jáde, wọ́n ń wúkọ́.

Bàbá Ìyanu kò rẹ́rìn-ín. Ó di etí ọkọ̀ mú. Ojoojúmọ́ ló ń wa ọkọ̀ kọjá lórí ilé yìí, kò sì fẹsẹ̀ kàn án rí láti ọdún mẹ́ta.

"Ilẹ̀ yẹn," ló wí, "ṣé ó ṣì ń dán? Èmi àti ìyá Ìyanu la jọ fọwọ́ rẹ́ ẹ, kó tó kú."

"Ó ń dán kẹ̀." Oyèbámijí na ọwọ́ sí i. "Ẹ wọlé, àna mi."

Bàbá Ìyanu bú sẹ́kún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ilé rẹ̀.